Bí Àwẹ̀ró Ṣe Rìn Dé Etí Ọ̀sà

"Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò móyè jẹ, asárétete kò róyè jẹ." Bóyá ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá wà tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ta ni arìngbẹ̀rẹ̀ náà? Oyè wo ló sì jẹ? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ìrótẹ̀ jẹ́ ìlú orí òkè tí kò ní iyọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rìn dé etí ọ̀sà tí wọ́n ti ń gbé e wá. Ẹni tó ń kó àwọn aláàárù lọ, tó sì ń kó wọn bọ̀, ni wọ́n ń pè ní Olórí Ọ̀nà. Nígbà tí Olórí Ọ̀nà kan kú, Àwẹ̀ró nìkan ló fi sílẹ̀ lọ́mọ, obìnrin amọ̀kòkò tí kò rìn kọjá odò ẹ̀yìn ìlú rí. Ọba kéde pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹni tó bá fẹ́ oyè náà kí ó lọ gbé ẹrù iyọ̀ kan wálé; ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e dé ni yóò jẹ ẹ́. Àwẹ̀ró dìde láàárín agbo, ó ní òun yóò lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àkànjí, géńdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú àwọn aláàárù, tí òun náà ń fẹ́ oyè ọ̀hún, ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Àwẹ̀ró tọ Lánìhún lọ, arúgbó tó ti bá bàbá rẹ̀ rin ọ̀nà náà fún ogún ọdún.

"Baba, ẹ kọ́ mi ní ìrìn."

"Ṣé o kò mọ̀ ọ́n rìn ni?"

"Mo mọ ìrìn ilé, Baba. Ìrìn ọ̀nà ni mi ò mọ̀."

Baba ní kí ó lọ gun Òkè Agbe tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò dé ìdajì tó fi jókòó. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lé ròrò. Ó sunkún díẹ̀, ó nujú, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó tún lọ, ó kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Oṣù kan gbáko ló gbà á kó tó dé ṣóńṣó òkè náà.

Baba wá gbé agbọ̀n òfìfo lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi iṣu méjì sínú rẹ̀, ó tún fi kún un. Ó rán an lọ sí abúlé tó gba ọjọ́ kan, ó rán an lọ sí èyí tó gba mẹ́ta. Nígbà tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ di ẹrù ìrìn-àjò, ó kó aṣọ mẹ́rin àti ìkòkò méjì. Baba tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

"Ohun tí o kò ní lò, ọrùn rẹ ló ń fìyà jẹ."

Aṣọ kan, ìkòkò kékeré kan, òṣùká àti àádùn tí kì í tètè bàjẹ́ ló ṣẹ́kù. Ó tún kìlọ̀ fún un pé ìrìn tí ènìyàn lè máa rìn kó ṣì máa sọ̀rọ̀ ni ìrìn ọ̀nà jíjìn. Bí èémí bá ti ń já, ó ti di eré nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Òun àti Àkànjí gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kò sì pẹ́ tí Àkànjí fi pòórá níwájú. Ó ku ọjọ́ kan kí Àwẹ̀ró dé etí ọ̀sà nígbà tó pàdé rẹ̀ tó ti ń gbé iyọ̀ bọ̀.

"N ó ti jẹ oyè tán kí o tó gbẹ́rù," Àkànjí wí, kò dúró.

"Ó dáa. Máa rọra o."

Àwẹ̀ró dé etí ọ̀sà, ó sinmi ọjọ́ kan, ó gbé iyọ̀ tirẹ̀, ó kọrí sílé. Ní ọjọ́ kẹfà, ó bá Àkànjí ní ìdí igi kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú bí iṣu ewùrà. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì ti tán.

"Ẹ̀gún ló gún mi," ó ní. "Mi ò dúró yọ ọ́, mo ní ó di ilé. Máa lọ, Àwẹ̀ró. Ìwọ lo ni oyè."

Ilé ku ọjọ́ mẹ́ta. Oyè bàbá rẹ̀ wà níwájú, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò tètè gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó yọ ẹ̀gún náà, ó fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ ojú egbò náà, ó fún Àkànjí ní àádùn jẹ. Wọ́n fi ẹrù Àkànjí sílẹ̀ níbẹ̀. Àwẹ̀ró gbé tirẹ̀ rù, ó fi èjìká ti ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́fà.

Nígbà tí wọ́n ń gun Òkè Agbe, Àkànjí bi í bóyá kò tíì rẹ̀ ẹ́.

"Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n agbára mi ò tíì tán."

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ọba, àwọn ìjòyè kan ní àwọn méjèèjì ló jọ wọlé, kí ọba tún ìdíje náà ṣe. Àkànjí fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dúró.

"Kábíyèsí, èmi ni mo sáré. Arìngbẹ̀rẹ̀ yìí ló gbé iyọ̀ wálé, òun náà ló sì mú mi wálé. Òun ni yóò móyè jẹ. Asárétete kò róyè jẹ."

Ọba fi Àwẹ̀ró jẹ Olórí Ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ kan kó èrè iṣẹ́ ọdún. Wọ́n tún ń pa á láti ki ẹni tó ń rọra ṣe tirẹ̀ láyà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sáré kọjá lára rẹ̀: arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò móyè jẹ, asárétete kò róyè jẹ.