Ọrun Òwú Ìlú Ọrunró

Ẹ̀yin ọmọ Ọrunró, ọmọ ọrun ró kò pẹran, ọmọ afòwú-funfun-tẹ́-ìkókó, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ bí a ṣe dé ibi tí a wà yìí.

Ọdẹ́jìnmí ni ó tẹ ìlú wa dó. Ọmọ ọba ni, ọdẹ ni pẹ̀lú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, Adélẹ́gàn àbúrò rẹ̀ gba adé mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lé e jáde nílùú. Ọdẹ́jìnmí mú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ tí oyún wà nínú rẹ̀, àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó gbé ọrun rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì búra pé òun yóò padà wá ta àbúrò òun lọ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé nítorí àtitẹ ìlú dó ni ó ṣe kúrò nílé. Inú ló ń bí i.

Ní ẹsẹ̀ òkè kan, ó pàdé arúgbó obìnrin tí ń tọ́jú ojúbọ òkè náà. Arúgbó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ọba, má padà sẹ́yìn. Ibi tí ọrun rẹ bá ti ró tí ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́jìnmí. Lójú ọdẹ, ọrun tí ó ró tí ẹ̀jẹ̀ kò ta, ó tàsé ni. Ó rò pé arúgbó ń fi òun ṣẹ̀sín, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Odò ńlá kan tí wọ́n là kọjá gbé ẹrù aṣọ wọn lọ, ó sì gbé ọrun kékeré tí Àwẹ̀ró fi ń gbọn òwú kí ó lè wú lọ pẹ̀lú. Ní òdìkejì odò náà, níbi tí òwú ti hù káàkiri, Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin kan nínú ọyẹ́. Àwọn obìnrin ká òwú, wọ́n fọwọ́ yọ hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú tí a kò gbọ̀n, ṣe ni í dì pọ̀, kì í móoru. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ náà tutù, kò sì sunkún mọ́.

Àwẹ̀ró ní, "Olówó orí mi, ẹ yá mi ní ọrun yín."

"Àwẹ̀ró, o mọ̀ pé obìnrin kì í fọwọ́ kan ọrun ọdẹ. Bí o bá fọwọ́ kàn án, kò ní pa nǹkan kan mọ́ láéláé."

"Mo mọ̀. Ọmọ yìí ń kú lọ. Èwo lẹ fẹ́ kó kù fún yín, ọmọ ni àbí ọrun?"

Ọdẹ́jìnmí dúró. Ó ro ti adé bàbá rẹ̀, ó ro ti ìbúra rẹ̀, ó sì ṣòro fún un gidigidi. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọrun náà fún ìyàwó rẹ̀.

Àwẹ̀ró ki okùn ọrun bọ àárín òwú, ó ń ta á. Ọrun ń ró. Òwú ń fò sókè, ó ń wú, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ. Wọ́n fi wé ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, ọmọ náà ké, bàbá rẹ̀ náà sì bú sẹ́kún. Ó wo ọrun, ó wo ilẹ̀, kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ó ní, "Ibí ni."

Kò padà lọ bá àbúrò rẹ̀ mọ́. Ó yọ irin orí gbogbo ọfà rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan nínú àwọn tó bá a wá sì rọ wọ́n di ọ̀pá tí a ń yí lórí òkúta pẹlẹbẹ láti fi fún hóró òwú jáde. Igi ọfà náà ni ó fi amọ̀ sí nídìí, tí ó di kẹ̀kẹ́ ìrànwú fún àwọn obìnrin.

Títí di òní, bí obìnrin bá bímọ ní Ọrunró, bàbá ọmọ ni í kúnlẹ̀ gbé ọrun òwú fún un. Ọba tuntun pàápàá kì í dé adé títí yóò fi kúnlẹ̀ gbé ọrun Ọdẹ́jìnmí fún abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kéré jùlọ nílùú, tí abiyamọ náà yóò sì gbọn òwú tán níṣojú rẹ̀. Àlejò tó bá rí ọrun náà láàfin a máa bi wá pé ọfà rẹ̀ dà. A ó fa etí aṣọ wa sókè, a ó ní, "Òun la wọ̀ sọ́rùn yìí."