Àwọn Tó Tò Sẹ́yìn Ìjàpá

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.

Àlọ̀ o.

Wọ́n tò lọ gbọọrọ nínú oòrùn, kò sì sí òjìji wọn nílẹ̀. Ta ni wọ́n?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó dára, ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá má sì bojú wẹ̀yìn. Àlọ́ mi gbéra, ó gba etí odò, ó gba inú igbó, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń wá ipò gómìnà.

Ẹfọ̀n ni gómìnà àwọn ẹranko nígbà náà. Ó ti ṣe sáà kan, ó fẹ́ ṣe èkejì, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló fi ìwo la ọ̀nà odò. Òun ló kó oúnjẹ ìlú jọ sínú àká ńlá kan, tó ń pín in fún tọmọdé tàgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọ Ehoro á máa sáré tẹ̀lé e, wọ́n á máa ní, "Gómìnà wa, ẹ máa bá a lọ."

Ìjàpá kò rí ọ̀nà odò. Àká yẹn ló ń rí, nítorí pé ọwọ́ gómìnà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

"Èmi náà á díje," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Yánníbo ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sùn sídìí igi kiri, ilé yìí sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní láyé wọn.

"Ta ni yóò tò sẹ́yìn yín, baálé mi?" ó ní. "Èmi àtàwọn ọmọ, ẹ̀yìn Ẹfọ̀n la máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí yóò lé wa kúrò nínú ilé yìí."

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń dìbò. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ẹni tó bá ń díje á kọjú sí àpáta kan lórí odàn, àwọn tó bá fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí wọn yóò fi kà á tán. Òfin kan sì wà tó le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá ti tò sẹ́yìn rẹ ti di ẹni rẹ. O wọlé ni o, o ò wọlé ni o, ohun tí o bá ṣèlérí fún un, dandan ni kí o ṣe é.

Ìjàpá wá èrò ẹ̀yìn títí. Ó bẹ Ọ̀bọ, Ọ̀bọ fi í rẹ́rìn-ín. Ó bẹ Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ń bọ̀, kò padà wá. Nígbà tí àwọn alààyè kọ̀ ọ́, ọkàn rẹ̀ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò sí láàyè mọ́.

Igbó kan wà tí àwọn ẹranko ń sin òkú wọn sí. Igbó Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ kì í ké níbẹ̀. Ọ̀sán gangan tí ẹsẹ̀ ti dá lọ́nà ni Ìjàpá wọ ibẹ̀. Ewé ń mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Orí rẹ̀ wú. Ó fẹ́ padà, ó bá tún rántí àká.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi," ó ní.

Nǹkan kan fimú dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló ń kí wa?"

Ìmàdò àgbà ni, èyí tó ti kú kí wọ́n tó bí Ìjàpá. Erùpẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Àwọn yòókù ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín igi. Wọn ò mí, wọn ò sì ṣẹ́jú.

"Èmi ni, ọmọ yín. Mo fẹ́ kí ẹ wá tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ ìbò."

"Kí lo máa ṣe fún wa?"

"Kí lẹ fẹ́?"

"Òtútù," ni Ìmàdò wí. "Òtútù ń mú wa níbí."

"Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé mi, ilé yín ni."

Lọ́kàn rẹ̀, ó ní bí òun bá ti wọlé tán, ta ni òkú máa lọ fẹjọ́ òun sùn.

Ọjọ́ ìbò pé. Àárọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ẹfọ̀n kọjú sí àpáta, Ìjàpá náà kọjú sí i. Ẹ̀rín àti orin ló wà lẹ́yìn Ẹfọ̀n. Ẹ̀yìn Ìjàpá pa rọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí koríko, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Òtútù bà á lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò tán bọ̀rọ̀. Orin ẹ̀yìn Ẹfọ̀n dá. Ìjàpá gbọ́ tí ọmọ Ọ̀yà kan ń sunkún, tó ń ní, "Ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi tí a sin ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá."

Ẹ̀rù ba Ìjàpá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ẹ̀rù náà lọ. Ó ti ń gbọ́ òórùn iṣu inú àká.

Lékèélékèé ló ń ka ìbò láti òkè. Àwọn ẹranko ńlá máa ń bo àwọn kékeré mọ́lẹ̀, nítorí náà kì í ka orí. Òjìji tó bá nà sórí koríko ló ń kà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjàpá náà mọ̀ ọ́n, ọ̀kánjúwà ni kò jẹ́ kó rántí.

Lékèélékèé fò lórí ìlà Ẹfọ̀n, ó pẹ́ kó tó dé ìparí rẹ̀. Ó fò lórí ìlà Ìjàpá, ó padà, ó tún un fò. Ó wá bà sórí àpáta.

"Ẹfọ̀n ló wọlé," ó ní. "Ní ti Ìjàpá, òjìji tirẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Ẹ tún un kà," ni Ìjàpá wí. "Àbí ẹ ò rí èrò ẹ̀yìn mi ni?"

"Mo rí wọn. Mi ò fẹ́ tún wọn rí mọ́."

Ìjàpá kọrí sílé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ló bá gbọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀:

Ìjàpá, ọkọ Yánníbo,
Jẹ́jẹ́ là ń bọ̀.
O ní ilé rẹ, ilé wa ni,
Jẹ́jẹ́ là ń bọ̀.
Òtútù ń mú wa níta,
Jẹ́jẹ́ là ń bọ̀.
Má ti ilẹ̀kùn mọ́ wa,
Jẹ́jẹ́ là ń bọ̀.

Ó yára, wọ́n yára. Ó dúró, wọ́n dúró. Yánníbo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí, baálé mi?"

"Àlejò ni."

"Àlejò wo ni kì í ṣẹ́jú?"

Kó tó dáhùn, wọ́n ti ń wọlé. Wọ́n jókòó yí àdògán ká, iná kú. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní àwọn ọmọ. Wọ́n fara ti ògiri tí kò tíì gbẹ. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kàn ń wò ni.

"A dúpẹ́, ọmọ wa," ni Ìmàdò wí, "ṣùgbọ́n àwa kan ṣì kù níta."

Yánníbo pọn ọmọ kan, ó fa àwọn yòókù lọ́wọ́. Kò bú ọkọ rẹ̀. Ó wo ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n, ẹni tó fún wọn níbi tí wọ́n máa sùn.

Ìjàpá tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀. "Gómìnà, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi lé wọn."

"Mi ò lè lé wọn," ni Ẹfọ̀n wí. "Ẹni rẹ ni wọ́n, òfin sì lòfin."

"Ilé mi ti kún."

Ẹfọ̀n ń wo ẹ̀yìn Ìjàpá, níbi tí àwọn òkú tó kù níta tò sí. "Wọ́n ń bi mí pé, ilé tí o gbé rù ńkọ́?"

Ìjàpá gbọ́ ẹsẹ̀ nítòsí ìrù rẹ̀. Ọwọ́ tútù kan fara kan ìkarahun rẹ̀. Kíá, ó fa ẹsẹ̀ wọlé, ó fa orí wọlé, ó ká jọ sínú òkùnkùn. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ara ìkarahun náà níta, tí wọ́n ń wá ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni nǹkan kan mí kanlẹ̀ sí i létí, láti inú lọ́hùn-ún.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyẹn o. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ohùn mi gbẹ kílẹ̀ tó mọ́.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí Ìjàpá bá gbọ́ ẹsẹ̀, á fa orí rẹ̀ wọlé. Ó rò pé àwọn tó kù níta ló dé. Ìdí rèé tí ara rẹ̀ fi máa ń tutù, ì báà jẹ́ inú oòrùn ni ẹ ti gbé e. Àwọn tó tètè wọlé ni.