Ìdí Tí Fóònù Fi Ń Pajú Dé

Nígbà láéláé, fóònù kì í sùn. Ojú rẹ̀ a máa tàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò tún fi mọ́, bí ẹnì kan ń wò ó, bí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Àwọn ẹranko ló ń lò ó nígbà náà. Ẹ má bi mí pé ta ló rà á fún wọn.

Àgbébọ̀ adìyẹ kan wà. Ẹyin mẹ́wàá ni ó sàba lé, ejò mu mẹ́sàn-án. Ọmọ kan ṣoṣo ló pa, ó sì sọ ọ́ ní Kúkọ̀yí.

Iṣẹ́ méjì ni adìyẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ, ó ń fi ẹnu kọ́ ọmọ.

“Èyí ni ikán. Èyí ni èkùrọ́. Òjìji yẹn, àṣá ni, ó yá, wọ abẹ́ apá mi!”

Bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó bá tọ fóònù lọ.

“Fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí. Apá mi ò ká a mọ́.”

“Màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wá o, Ìyá Kúkọ̀yí.”

“Jókòó kẹ̀? Bí mo bá jókòó, kí la fẹ́ jẹ?” Ó gba ọ̀nà ààtàn lọ.

Fóònù kọ́ ọmọ náà dáadáa, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Kúkọ̀yí ti ń ka ení, èjì dé ogún. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ. Àwòrán àṣá ló fẹ́ràn jù, torí bó bá ti fẹnu kàn án, àṣá á rẹ́rìn-ín, á sì ju apá sí i.

Ní ọjọ́ kẹrin, òjìji kan kọjá lórí ilẹ̀. Kúkọ̀yí gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

“Àṣá!” Ó na ẹnu sí i, kó lè fi kàn án.

Fóònù figbe ta. “Sá, Kúkọ̀yí, sá!”

Ọmọ rò pé ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ó dúró gbagidi, ó ń tún un wí: “Sá, Kúkọ̀yí, sá!”

Igbe yẹn ni ìyá rẹ̀ gbọ́ láti ààtàn. Bó ti ń sáré bọ̀ ni àṣá gbé ọmọ nílẹ̀; ó fò, ó kọlu àṣá. Kí àṣá tó ju ọmọ sílẹ̀, ó ti fa gbogbo ìyẹ́ ẹ̀yìn ọmọ náà tu.

“Fóònù aláìnítìjú! O mọ orúkọ àṣá, o wá jẹ́ kó gbé ọmọ mi!”

“Ìyá Kúkọ̀yí, mo lójú, mo lẹ́nu. Ṣé mo ní apá tí mo lè fi bo ọmọ ni? Ó ti rẹ èmi náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n ò ṣẹ́jú rí. Ọmọ yín náà ò sì gbójú kúrò lára mi.”

Adìyẹ jókòó pẹ̀lẹ́ sórí ọmọ rẹ̀.

“Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?”

“Màá máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń wò mí lásán, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí, màá pajú dé, kó lè wá ojú ìyá rẹ̀.”

“Tí mo bá wà ní ààtàn ńkọ́?”

“Ẹ mú àwa méjèèjì dání lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú fóònù ti ń ṣú bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má gbá a mọ́lẹ̀, kò bàjẹ́. Ó ń ní kí ẹ gbójú sókè ni, kí ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín. Bí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ dìde, ẹ lọ bá ẹni tó yẹ kó jókòó tì yín níbi iṣẹ́ rẹ̀.