Ọjọ́ Tí Gbogbo Pápá Jó Lẹ́ẹ̀kan Náà

"Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró?" Kò sí ìpàdé ẹbí tí wọn kì í ti í pa òwe yìí. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń jà, a ó pa á. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tú ká, a ó pa á. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti bá gbogbo ará ilé rẹ̀ jà tán, tó wá ń fi í gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ rí ejò tí kò rìn pọ̀, kí ni onítọ̀hún sì ń wá níbi tí ejò pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe rò ó fún mi ni n ó ṣe rò ó fún yín.

Ìletò kan wà ní ìhà òkè, níbi tí igbó ti tán tí ilẹ̀ koríko ti bẹ̀rẹ̀. Pápá-Oṣè ni orúkọ rẹ̀. Iṣu àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn, ewúrẹ́ ni wọ́n ń sìn. Wọ́n mọ ọká, wọ́n mọ paramọ́lẹ̀, nítorí ejò ilẹ̀ wọn ni. Ní ti òjòlá, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní erè, ìròyìn rẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbọ́. Ejò ìsàlẹ̀ odò ni, níbi tí igbó ti dí tí ilẹ̀ sì ti ń rin. Ọdún kan wá dé tí odò ńlá náà kún àkúnya. Ó gbé igi, ó gbé abà, ó gbé òjòlá pẹ̀lú. Nígbà tí omi fà, àwọn òjòlá kò bá a padà. Wọ́n rí i pé ọ̀yà pọ̀ ní Pápá-Oṣè, òkété pọ̀, ewúrẹ́ sì wà lórí èèkàn bí ẹni pé àlejò ni wọ́n sè é dè. Wọ́n bá jókòó.

Ilé Ọdẹ́wálé ló kángun sí pápá jù lọ ní ìletò náà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti wojú Elédùmarè fún ọdún gbọọrọ kí ó tó rí ọmọ bí. Ọ̀nà oko ló bí i sí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àbíọ́nà. Ní àkókò tí à ń wí yìí, Àbíọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni. Ẹ sì mọ ọmọ tó ń rákòrò, ibi tí a bá ní kó má lọ gan-an ni ọ̀nà rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó lọ tú ewúrẹ́ tó so mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò rí ewúrẹ́. Okùn rẹ̀ ló rí. Okùn náà ṣì wà lára èèkàn, ó nà gbọnrangandan wọ inú koríko lọ. Àwẹ̀ró rò pé ewúrẹ́ ti fi okùn há sínú igbó, ó bá fà á. Okùn náà fà á padà. Kì í ṣe bí ewúrẹ́ ṣe ń já okùn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ó rọra fà á ni, láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé tòun ni. Ó ya koríko, ó wò. Ẹnu òjòlá ni okùn náà gbà wọlé. Ewúrẹ́ ti wà nínú, ara ejò náà wú bí àpò ọkà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń wo Àwẹ̀ró láìṣẹ́jú.

Igbe kò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó di ọmọ mú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ìgbà náà ló tó ké. Kí àwọn ènìyàn tó dé, òjòlá ti pọ ewúrẹ́ náà jáde tokùntokùn, ó sì ti wọ́ ara rẹ̀ wọ inú koríko. Ewúrẹ́ náà rin gbindin bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kò gba Àbíọ́nà mọ́. Àwẹ̀ró pọn ọn gún iyán, ó pọn ọn fọ aṣọ, ó pọn ọn jẹun. Bí ọmọ bá sunkún pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òun náà á sunkún, síbẹ̀ kò ní sọ̀ ọ́. Ó gbá àgbàlá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán, ó tún gbá a, bí ẹni pé ejò ń wo ìmọ́tótó. Ẹ̀rù bà á, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ má rò pé àwọn ọkùnrin Pápá-Oṣè káwọ́ gbera. Iná ni wọ́n fi ń bá òjòlá jà. Ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ ni pé agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní pápá tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí yóò fi iná sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹran tó bá sá jáde nínú iná, ti ẹni tó ni pápá ni. Ogún bàbá wọn ni, wọn kì í fi ṣeré rárá. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí òjòlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé adìyẹ, Ọdẹ́wálé ti jó pápá tirẹ̀. Ó pa ọ̀yà, ó pa òkété, kò rí òjòlá kankan, ó sì gbà pé wọ́n ti jóná. Àwẹ̀ró tó lọ ṣẹ́ igi ní ọjọ́ kejì ló rí ohun tí ọkọ rẹ̀ kò rí. Ipa fífẹ̀ kan gba àárín eérú kọjá, ó dán bí ibi tí wọ́n wọ́ ìtì igi gbà, ó ré ọ̀nà kọjá sínú koríko Jẹ́nríyìn aládùúgbò wọn. Láìpẹ́, ajá Jẹ́nríyìn di àwátì. Jẹ́nríyìn náà bá jó tirẹ̀, òjòlá sì ré kọjá sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí òjò rọ̀ tí koríko tún hù, àwọn òjòlá padà, wọ́n yé ẹyin sábẹ́ ọ̀gán, wọ́n ká ara wọn lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ẹni tó rí ẹyọ kan lésìí ń rí mẹ́ta.

Kí ló dé tí wọn kò jọ jó o lọ́jọ́ kan náà? Nítorí ọ̀yà ni. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀yà kan sá jáde nínú iná Ọdẹ́wálé pẹ̀lú irun jíjó, ó sì lọ kú sínú koríko Jẹ́nríyìn. Jẹ́nríyìn gbé e, ó sè é, ó jẹ ẹ́. Ọ̀yà tán nínú ìkòkò, ìjà rẹ̀ kò tán. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn, ẹlòmíràn nínú ìletò sì ní ìjà ọ̀yà tirẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò tirẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Àbíọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Bàbá aládùúgbò wa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín jọ fi iná sí i."

"Kí ọ̀yà mi tún lè lọ kú sílẹ̀ rẹ̀, àbí? Ọ̀la ni n ó jó tèmi. Ọ̀rọ̀ pápá kò kan obìnrin."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ kàn mí," ni Àwẹ̀ró wí. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé Jẹ́nríyìn lọ.

Ọkùnrin náà ń tún pàkúté rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ koríko. Àwẹ̀ró kí i, ó tú ọ̀já, ó sì gbé Àbíọ́nà lé e lẹ́sẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ yìí. Ọ̀dọ̀ tiwa ni òjòlá wà lónìí. Tó bá di ọ̀la, tí baálé mi bá ti jó pápá tiwa, ọ̀dọ̀ yín ni yóò wà. N ó wá gba ọmọ mi, n ó sì kó àwọn ọmọ-ọmọ yín mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ẹ̀yin bá jó tiyín, n ó tún kó gbogbo wọn wá fún yín. Bẹ́ẹ̀ la ó máa gbé wọn lọ, tí a ó máa gbé wọn bọ̀, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi kò ní yá tó."

Jẹ́nríyìn wo ọmọ tó ń fa pàkúté lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ó sì pè wọ́n pẹ̀lú ohùn líle pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ó gbé Àbíọ́nà, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ lọ sí ilé Ọdẹ́wálé.

"Ọdẹ́wálé," ni ó wí láti ẹnu ọ̀nà, "ọ̀yà tó bá kú sí tèmi, tìrẹ ni. Bóo bá fẹ́, wá gbé egungun èyí tí mo jẹ."

Ọdẹ́wálé kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ojú tì í, nítorí àgbà ló wá bá a nílé. "Ẹ jókòó, Bàbá," ni ó wí. "Èyí tó bá kú sí tèmi, ẹ máa gbé e."

Àwọn méjèèjì jọ lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì ránṣẹ́ sí gbogbo agboolé. Kò rọrùn. Àwọn kan jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Ọdẹ́wálé àti Jẹ́nríyìn ti jọ jókòó, ojú ti àwọn tó kù.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n fi iná yí gbogbo pápá ká, wọ́n sì ṣí ojú kan sílẹ̀ ní ìhà àpáta. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin dúró sí pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé wà lórí àpáta lẹ́yìn wọn. Àwẹ̀ró wà lára wọn, Àbíọ́nà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjòlá bá gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀yà. Kò sẹ́ni tó lé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún Ọdẹ́wálé. Ọká jáde, wọ́n pa á. Paramọ́lẹ̀ jáde, wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ni òjòlá kan yọ láti apá òsì, ó nípọn ju itan ọkùnrin lọ. Àwọn ọkùnrin ṣù bò ó, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Òmíràn yọ ní apá ọ̀tún ní tirẹ̀. Òmíràn tún yọ. Bí ọ̀kan ṣe ń kú ni ìkejì ń jáde, títí apá fi ń ro àwọn ọkùnrin.

Lójijì, méjì jáde pọ̀. Wọ́n gbé orí sókè nínú èéfín, wọ́n sì dojú kọ ojú ọ̀nà náà gan-an, ẹ̀gbẹ́ ara wọn kan ara wọn. Kí ni n ó ti wí? Gbogbo ọkùnrin Pápá-Oṣè sá. Àwọn tó ti pa òjòlá láàárọ̀ náà ju kùmọ̀ sílẹ̀. Ọdẹ́wálé sá, Jẹ́nríyìn sá, Baálẹ̀ tó jẹ́ arúgbó sá ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Kò sí ohunkóhun mọ́ láàárín ejò méjì náà àti àwọn tó wà lórí àpáta. Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta tí kò ṣeé sọ̀ ló rí. Ó kúnlẹ̀, ó yí ọmọ sí iwájú, ó sì fi ara bò ó.

Ohun tó gba gbogbo wọn là kò tó nǹkan. Iná bú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ejò kan fì sí òsì, èkejì bínú sí i, ó sì yà sí ọ̀tún. Wọ́n tú ká. Bí àwọn ọkùnrin ṣe rí i pé wọ́n ti di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìgboyà padà sára wọn. Wọ́n yí po èyí tó wà lósì, wọ́n pa á, wọ́n sì lọ bá èyí tó wà lọ́tùn-ún.

Nígbà tí iná kú, wọ́n tẹ́ àwọn òjòlá sórí àpáta. Wọ́n pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Kò sẹ́ni tó jó, kò sẹ́ni tó yọ̀. Baálẹ̀ wò wọ́n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ní, "Méjì péré ló fẹ́ bá ara wọn rìn, gbogbo wa sì ti sá. Ká ní ọká ló ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí gbogbo àwọn òjòlá yìí ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni ì bá dúró? Àìrìnpọ̀ wọn ló jẹ wọ́n níyà."

"Òun náà ló fẹ́ẹ́ jẹ wá níyà, Bàbá," ni Àwẹ̀ró dáhùn. Àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Òjòlá kò tán nílẹ̀ náà, nítorí odò ṣì ń kún. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń jọ fi iná sí pápá. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí nígbà tí àwọn tó yẹ kó jọ gbé nǹkan bá ń dá a gbé, tí ohun tó lè pa gbogbo wọn sì wà nítòsí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ejò ni àgbà ń bá wí. Ẹni tí wọ́n bá pa á fún kò gbọdọ̀ bínú. Kí ó kàn wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, bóyá ẹnì kan dúró níbẹ̀.