Oníbodè Igbó Ìlàjì àti Apá Tí Ó Sùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ sún mọ́ ara yín dáadáa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ tutù. Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ahun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó jogún. Ó jogún túúlu, ẹ̀fọ́rí líle tí ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí. Bí túúlu náà bá dé, ìmọ́lẹ̀ á máa kọ yẹ̀rì lójú rẹ̀, apá kan ara rẹ̀ á kú, ahọ́n rẹ̀ á sì wúwo. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣe é lọ́mọdé, Àdùbí ìyá rẹ̀ gbé ẹyin iná lé apá tí ó kú náà kí ó lè jí. Ní ọjọ́ kejì, apá jí. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń sọ fún gbogbo ayé pé iná ni ó jí i, àpá rẹ̀ kò sì parẹ́ lára ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí bá Àwẹ̀ró ọmọbìnrin rẹ̀ lórí ẹní, apá ọ̀tún rẹ̀ kú bí igi. Àdùbí ti ń fẹ́ná.

"Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí apá yìí kò jí, iná ni," ni ìyá wí. "Ṣebí ohun tí mo fi jí tìrẹ náà nìyẹn."

Ẹ̀rù kò ba Ọdẹ́jìnmí, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ńṣe ni inú rẹ̀ ṣófo bí agbè tí omi ti tán. Ó mú ìbọn, ó kọrí sí Igbó Ìlàjì, níbi tí àwọn àgbà ọdẹ sọ pé ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà inú ara ènìyàn ń gbé.

Nínú igbó yìí, igi a máa so lápá kan, a sì gbẹ lápá kejì. Ẹsẹ̀ kan ni àwọn iwin ibẹ̀ fi ń fò, ojú kan ni wọ́n fi ń wò, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Létí odò tóóró kan ni ó ti bá iwin arúgbó kan tí ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Ọmọ ènìyàn, èmi ni Oníbodè. Dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Ọba ránṣẹ́ sí oko, oko kò gbọ́. Ta ni ó jẹ̀bi, ọba ni àbí oko?"

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀. "Baba, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọba lè ti sọ̀rọ̀, oko sì lè ti tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ojú ọ̀nà léèrè."

"O gbọ́n. Orí ni ọba, apá ni oko. Wo odò yìí. Ọ̀nà tí ó ti orí wá parí síhìn-ín, ẹran apá wà lọ́hùn-ún, wọn kò kan ara wọn. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń gbé àrokò orí kọjá. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ó wà lára ìdílé yín wọ́. Bí wọ́n ṣe bí yín mọ́ ọn nìyẹn. Nígbà mìíràn ó ń ṣí gbàgà ju bó ti yẹ lọ, àwọn ìránṣẹ́ á tú jáde, èyí á yá jù, èyí á pẹ́ jù, títí àárẹ̀ á fi mú wọn tí wọ́n á sùn lọ, apá á sì sùn pẹ̀lú wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ìlẹ̀kùn náà ṣe."

"N kò lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn yóò jí. Ṣé iná ni ó jí tìrẹ lóòótọ́?"

Ọdẹ́jìnmí wo àpá ara rẹ̀. Ó rántí pé ní ọjọ́ tí wọ́n sun ún, òun kò mọ nǹkan kan lára. Ìgbà tí apá jí ni ìrora dé, ó sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe fún apá tí ó sùn," ni Oníbodè wí, "yóò ròyìn rẹ̀ fún yín nígbà tí ó bá jí."

Ọdẹ́jìnmí dìde, ó sáré padà sílé. Kò tíì jáde nínú igbó tí túúlu fi ká òun náà mọ́. Apá òsì rẹ̀ kú, ìbọn bọ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ó dé ilé. Àdùbí ti fi ẹ̀mú mú ẹyin iná, ó sún un mọ́ ara Àwẹ̀ró.

"Ó ń ta ọ́?"

"Rárá, Ìyá àgbà. N kò mọ nǹkan kan lára."

"Á jẹ́ pé kò tíì tó nìyẹn."

Ọdẹ́jìnmí yanu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó ṣubú tì wọ́n, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá rẹ̀ tí ó kú lé orí apá ọmọ. Ẹyin iná já bọ́ lé e. Awọ ara ń jó, ọdẹ ń wò ó bí ẹni tí ń wo ìkòkò ará ilé kejì.

"Ọmọ mi," ni Àdùbí wí, ó gbọn iná náà dànù. "Kò dùn ọ́?"

Ọdẹ́jìnmí mi orí pé kò dun òun. Ìyá wo ojú rẹ̀ títí. Ó rántí igbe ọjọ́ kejì láyé ijọ́un, èyí tí ó ti ń pè ní igbe ayọ̀ láti ìgbà náà wá. Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, apá Ọdẹ́jìnmí jí, ó sì ké. Ti Àwẹ̀ró jí lẹ́yìn rẹ̀, kò ké ní tirẹ̀.

"Òtútù ń mú mi lọ́wọ́," ni ó wí.

Àdùbí tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé e.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí apá kan bá sùn nílé yín, ẹ má fi ìyà jí i. Ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sì jókòó tì í.