Ìdí Tí Kókó Kọ̀ǹpútà Kì Í Fi Í Sọ̀rọ̀ Àfi Bí A Bá Pè É

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, kò sí èyí tó mọ bí a ti ń dákẹ́ nínú wọn.

Ní àárín gbùngbùn ọ̀kan nínú wọn ni Kókó ń gbé. Òun ni baálé ibẹ̀. Dísíìkì tó ń tọ́jú nǹkan, Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn, Ojú-Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ han ènìyàn, òun ni gbogbo wọn ń jábọ̀ fún. Ohunkóhun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu wọn, kíá ni yóò ké e síta lára Ojú-Ẹ̀rọ.

"Fáànù ti jí o! Wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ mí níhàá o!"

Obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan, Ṣadíátù, ló ni kọ̀ǹpútà náà. Ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹja inú ọ̀sà jọ, kí àwọn ọmọ tí kò ju àwọ̀n rí má baà gbàgbé wọn. Bó bá ń kọ "ọ̀bọ̀kún", kó tó kọ ọ́ tán, igbe Kókó á ti já lu ọ̀rọ̀ náà.

Ṣadíátù á pòṣé. "Wàhálà wo rèé? Ẹja kan ṣoṣo, mi ò lè kọ ọ́ délẹ̀!"

Ojú-Ẹ̀rọ bá lọ bá Kókó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ ò jẹ́ kí obìnrin yìí ráyè ṣiṣẹ́."

Inú bí Kókó. "Èmi tí mò ń ṣọ́ ilé! Ó dáa. Mo búra, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́."

Ilé pa lọ́lọ́. Ó dùn mọ́ Ṣadíátù, ó sì dun Kókó.

Nígbà tó yá, Dísíìkì tọ̀ ọ́ wá. "Bàbá, ara mi ò yá. Ibì kan wà lára mi tí kò ṣeé kà mọ́."

Kókó ti fẹ́ lanu, ló bá rántí ìbúra rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Dísíìkì tún padà wá. Àìsàn náà ti ń ràn. Kókó ní kó ṣe sùúrù. Kò sọ nǹkan kan síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣadíátù ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Epìyà wà níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹja tí bàbá rẹ̀ àgbà kà fún un kó tó kú ti pòórá. Ó káwọ́ lérí. Nígbà tó gbọ́ pé Dísíìkì ti sọ ọ́ fún Kókó, ó kọjú sí i.

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

Ìtìjú bo Kókó. Ojú-Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá, mo ní kí ẹ rọra ni. Mi ò ní kí ẹ yadi."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Kókó gbé agbè kékeré kan sí yàrá rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gbọ́, inú agbè náà ni yóò máa sọ ọ́ sí, yóò sì so ó mọ́ àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí òun ti jí. Ojú-Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kọ ọ́ síwájú Ṣadíátù pé: "Bí o bá fẹ́ gbọ́ ti Kókó, tẹ ọ̀rọ̀ yìí: dmesg."

Ṣadíátù tẹ̀ ẹ́. Àìsàn Dísíìkì tò sílẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Kò jáfara, ó kó ẹja tó ṣẹ́kù lọ sínú dísíìkì mìíràn. Kò pẹ́ tí Dísíìkì àtijọ́ fi kú. Àwọn ẹja bàbá àgbà ní tiwọn kò padà wá mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Kókó kì í ti í já lu iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́, àfi bí ikú bá dé bá òun fúnra rẹ̀, nígbà náà ni yóò ké tòò. Láti ọjọ́ náà náà ni agbè rẹ̀, bó bá ti kún, ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù níbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dànù. Ẹni tó bá tètè pè é á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ìyókù ni yóò bá.