Ìrìn Láníyọnu Nínú Oko Bàbá Jíyà

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Oko tó wà nínú rẹ̀ ló gùn, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi mi.

Láníyọnu ni olórí ọ̀dọ́ ìlú Òkè-Ẹrìn láyé àtijọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àti ìwà, ọ̀pá olórí ọ̀dọ́ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá ń wẹ̀. Oko ẹgbẹ̀fà ebè ni bàbá rẹ̀ ní. Kò sí ẹ̀kọ́ tí Láníyọnu lè kọ́ni tí kò ní mẹ́nu ba oko yìí, ìbáà jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìkíni.

Nígbà tó yá, àwọn ọba rí i pé ohun tí ọ̀dọ́ ìlú kan mọ̀ nípa ìlú kejì kò ju èébú lọ. Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí gbogbo olórí ọ̀dọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án létí Odò Ọya, nílẹ̀ Tápà, kí wọ́n lè padà wá kọ́ àwọn ọmọ wọn pé ayé ju ẹ̀yìnkùlé ẹni lọ. Ìbàrìbá ń bọ̀, Ègùn ń bọ̀, Gàmbàrí ń bọ̀. Inú àwọn ará Òkè-Ẹrìn dùn débi pé wọ́n ti ń kí Láníyọnu kú àbọ̀ kó tó lọ.

Láníyọnu ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́ kọ́? Mo fẹ́ lọ kọ́ wọn ni. Bí mo bá rí oko tó tóbi tó ti bàbá mi lọ́hùn-ún, kí ẹ gba ọ̀pá yìí lọ́wọ́ mi!"

Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, àgbà obìnrin tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ wọn, kàn ní, "A ti gbọ́ o, ọmọ olóko."

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ níbi ẹ̀kọ́ náà lọ geere. Ìbéèrè mọ́kàndínlógún ni wọ́n bi ara wọn. Láníyọnu dáhùn ogún.

Jíyà ló gbà á sílé, ará Tápà tó gbọ́ Yorùbá nítorí pé ọmọ Ọ̀fà ni ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Jíyà ní kí gbogbo wọn wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá òun, kí kálukú lè rí bí ẹnì kejì ṣe ń ṣiṣẹ́. Láníyọnu fò dìde, ó fi ara rẹ̀ ṣe olórí ọ̀wẹ̀. Ní Òkè-Ẹrìn, olórí ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ yí oko po kó tó pín in, kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà ju ti ẹnì kejì lọ.

Ó ní, "Ẹ ki iṣu bọná. Kó tó jinná, mo ti yí i po."

Jíyà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mú omi dání."

"Omi kẹ̀? Ṣé aṣálẹ̀ ni mò ń lọ ni?"

Ó lọ. Ó rìn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ebè níwájú, ebè lẹ́yìn. Ó dé odò kan, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ààlà rè é." Obìnrin kan tó ń pọnmi níbẹ̀ fi Yorùbá ọjà dá a lóhùn pé, "Rárá o. Oko bàbá Jíyà ṣì ni òdìkejì."

Ó wọ́dò kọjá. Nígbà tí oòrùn yí, ó rí ahéré bíi mẹ́wàá, ó rí adìyẹ, ó rí ewúrẹ́. Ayọ̀ gbé e. Ó kígbe pé, "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ìlú yìí! Ta ni ọba yín?"

Bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ wò ó tàánútàánú. "Ìlú kẹ̀? Abà oko bàbá Jíyà nìyí. O ò tíì dé ìdajì. Jókòó, ọmọ mi."

Ibẹ̀ ni Jíyà ti gun ẹṣin wá bá a. "Olórí ọ̀wẹ̀, ṣé o ti pín in tán?"

"Mo ṣì ń pín in lọ́wọ́."

"Má bínú, tiwa kéré. Ti àwọn ará Ìbàrìbá ni kí o rí."

"Ó tún ju èyí lọ?" Láníyọnu fò sókè bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Orí ẹṣin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ta ní ń ṣọ́ ọ? Ọ̀dọ́ mélòó ní ń ro ó? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí wọn kì í fi í jà? Kí ọjọ́ mẹ́rin tó kù tó pé, Ègùn ti ń sá fún un, Gàmbàrí sì ń díbọ́n pé òun sùn.

Nígbà tó délé, gbogbo ọ̀dọ́ pé jọ. "Olórí, ṣé ẹ rí oko tó tó ti bàbá yín?"

Láníyọnu wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́jọ ni ilẹ̀ Tápà. Kò sẹ́ni tó máa lọ wádìí. Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo rí i," ni ó wí. "Abà ibẹ̀ nìkan tó oko wa. Mo tilẹ̀ béèrè ọba wọn."

Bàbá rẹ̀ húkọ́. Láníyọnu fi ọ̀pá lélẹ̀.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé gbé e, ó dá a padà fún un. "Ìsinsìnyí ló tó yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, wàá kó ọ̀dọ́ méjìlá lọ sóko bàbá ẹlòmíràn." Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ogójì ọ̀dọ́ ti sáré lọ dirù.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tó tóbi tó ti bàbá òun. "Ọmọ" ni wọ́n ní, wọn ò sọ pé "olórí ọ̀dọ́", ọ̀wọ̀ ni. Ẹ máa pa òwe náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, orúkọ Láníyọnu, ẹ bá mi fi ṣe àṣírí.